Kí ló dé tí X-ray tí ń wo inú irin fi ń tàn ní fìrí-fìrí?

Adarin Ọba-Ilé béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn. Iṣẹ́ yíyọ́ irin ni mo ń ṣe ní Ọba-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Irin àlòkù ni à ń rà. A óò yọ́ ọ, a óò dà á sínú mọ́ọ̀dù oníyanrìn, a óò sì fi ṣe púlì fún àwọn onísọ́míìlì àti àwọn tí ń fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, púlì kan tí mo dà fún sọ́míìlì kan lójú ọ̀nà Oǹdó fọ́ sí méjì lórí eré. Ọlọ́run ló yọ wá, nítorí pé ègé kan fò kọjá lórí ẹni tí ń ti gẹdú sẹ́nu ayùn, ó sì lọ há sára pákó ògiri. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, mo wo ojú ibi tí ó ti là: ihò kan wà nínú ìdodo púlì náà, níbi tí ó ti nípọn jù, ó tó awẹ́ obì kan, inú rẹ̀ sì rí gbágungbàgun bí ara èèpo igi. Lóde, púlì náà dán, ó jọ̀lọ̀, n kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo tà á. Mo ti dá owó oníbàárà mi padà fún un, ṣùgbọ́n oorun mi kò tíì padà.

Mo gbé púlì mìíràn tí mo dà lọ́jọ́ kan náà lọ sí ilé ìwòsàn kan, mo bẹ ẹni tí ń ya X-ray pé kí ó bá mi yẹ inú rẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣàánú mi, ó yà á. Gbogbo ibi tí irin bò ló funfun báláú, kò sí ohun tí a rí níbẹ̀. Ọmọ mi tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní FUTA wá sọ fún mi pé ẹ̀rọ kan wà tí ń mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré, tí kò ju ohun tí a lè fi ọkọ̀ gbé kiri lọ, tí X-ray rẹ̀ sì lè gba inú irin tí ó nípọn ju púlì mi lọ kọjá. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í tàn gbọọrọ bíi gílóòbù, pé fìrí ni ó ń tàn, tí yóò kú, tí yóò tún tàn.

Ohun tí kò yé mi nìyẹn. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí ooru wọ irin, ṣé kò yẹ kí ó jẹ́ kí iná pẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ni? Báwo ni ìmọ́lẹ̀ tí kò dúró yóò ṣe wọ inú ohun tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fi wo púlì nígbà tí ó bá ń yí lọ́wọ́, nítorí pé orí eré ni tèmi ti fọ́?

Ìyá Ayàwòrán, Oǹdó, dáhùn pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú ewu. Iṣẹ́ yíya àwòrán X-ray ni mo ń ṣe níbí ní ìlú Oǹdó. Ẹni tí ó bá yín yà á kò ṣe àṣìṣe; ẹ̀rọ wa ni kò tó púlì yín í wò.

Nínú ẹ̀rọ tiwa, wáyà tín-ín-rín kan ni iná ń mú gbóná títí tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yóò fi máa tú jáde lára rẹ̀. Iná tí ó wà láàárín fóltì 40,000 sí 150,000 ni ó ń fà wọ́n lọ kọlu irin tungsten, ibi tí a ti dá eré wọn dúró lójijì sì ni X-ray ti ń jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdá agbára tí wọ́n gbé dé ibẹ̀, bí ẹyọ kan péré ni ó ń di X-ray, ooru ni 99 yòókù. Ẹran ara àti eegun ni irú X-ray bẹ́ẹ̀ wà fún. Irin tí kò nípọn ju mílímítà 2 tàbí díẹ̀ lé ní 2 lọ ti tó láti gba ìdajì rẹ̀. Bí ìdodo púlì yín bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 12, a jẹ́ pé ẹ ó pín X-ray náà sí méjì, ẹ ó tún ìyókù pín sí méjì, títí di nǹkan bí ìgbà 50 kí ó tó bọ́ sí òdìkejì. Kò sí ohun tí yóò kù tí fíìmù yóò rí.

Ní ti fìrí, àwa náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n nítorí aláìsàn ni. Ọmọ ọwọ́ tí a fẹ́ ya àyà rẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé kí ó mí sínú kí ó sì dá èémí dúró? Igbe ni yóò máa ké. Èmi a dúró sẹ́yìn ògiri olójé, ọwọ́ mi á wà lórí bọ́tìnì, ojú mi á wà lára ikùn ọmọ náà. Bí ó bá ti fa èémí sínú láti tún ké òmíràn, mo ti tẹ̀ ẹ́. Ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni gbogbo rẹ̀, kí ọmọ náà tó tú èémí jáde ó ti parí. Bákan náà, bí dókítà bá fẹ́ wo bí ohun kan ti ń lọ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ a máa tàn ní ìgbà 15 tàbí 7 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan dípò kí ó máa tàn láìdáwọ́ dúró, kí ìtànṣán tí ó ń wọ ara aláìsàn lè dín kù. Bóyá nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ọmọ yín sọ náà ṣe ń tàn ní fìrí, n kò lè sọ.

Ọmọ Alágbàká dáhùn pé:

Kí ni ẹ ń wá dé ọ̀nà jíjìn fún? Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Àná kọ́ ni wọ́n gbé e wọlé. Kí bàbá gbé púlì sínú ọkọ̀ ní àárọ̀, kí wọ́n padà sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Olùkọ́ Físíìsì dáhùn pé:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba bàbá lọ́wọ́ ìrìn àjò tí kò ní èrè. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kan wà ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwádìí nípa agbára tí wọ́n ń pè ní CERD, ẹ̀rọ Pelletron oní-mílíọ̀nù fóltì 1.7 ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Prótọ́ọ̀nù àti irú wọn ni ó ń lé sáré, wọn a sì lọ kan ohun kékeré tí a gbé síwájú wọn, kí a lè fi X-ray tí ohun náà fúnra rẹ̀ bá tú jáde mọ àwọn èròjà tí ó wà lára rẹ̀. Awọ ara nǹkan ni ó ń kà, kì í la inú irin tí ó nípọn kọjá. Bí bàbá bá ń fẹ́ mọ̀ bóyá mangáníìsì pọ̀ jù nínú irin àlòkù tí wọ́n rà, a lè sọ̀rọ̀ Ifẹ̀. Ní ti káríbọ́ọ̀nù, tí ó jẹ́ olórí ohun tí adarin ń fẹ́ mọ̀, X-ray tirẹ̀ rẹlẹ̀ jù fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ọmọ bàbá ń sọ ni ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní linac. Ọdún 1928 ni Rolf Wideröe fi irú rẹ̀ àkọ́kọ́ hàn ní ìlú Aachen ní Jámánì; nígbà tí ó fi máa di 1953, wọ́n ti ń fi ọ̀kan tọ́jú alárùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó mú kí ó kéré ni pé kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí iná mílíọ̀nù fóltì 6 dúró sí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé irú fóltì bẹ́ẹ̀ dúró lójú kan, mànàmáná ni yóò fò lára rẹ̀ lọ sára ògiri. Nítorí náà wọ́n ṣe àwọn yàrá kéékèèké tí a fi bàbà ṣe, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, wọ́n lu ihò gba àárín gbogbo wọn, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde pátá. Wọ́n wá rọ ìgbì rédíò sínú àwọn yàrá náà, ìgbì tí ń mì ní nǹkan bí ìgbà bílíọ̀nù 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Yàrá kọ̀ọ̀kan a máa ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí iwájú lásìkò tí ó bá wọ inú rẹ̀, bí ẹni tí ń ti ọmọdé lórí jangirọ́fà: ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun tì í kò nílò agbára ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín ohun tí kò gùn ju apá àgbàlagbà kan lọ, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà yóò ti ní agbára MeV 6, ìyẹn agbára tí iná mílíọ̀nù fóltì 6 ì bá fún un, eré rẹ̀ yóò sì ti tó ìdá 99.7 nínú ọgọ́rùn-ún eré ìmọ́lẹ̀. Ó tún di kí ó lọ kọlu tungsten, gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ayàwòrán ti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n X-ray tí ó jáde níbẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwọn.

Ìdí fìrí wá nìyí. Ẹ̀rọ tí ń pèsè ìgbì rédíò náà ni magnetron, ẹ̀yà rẹ̀ kékeré sì wà nínú ẹ̀rọ microwave tí àwọn ènìyàn fi ń gbé oúnjẹ gbóná nílé. Ti ilé ìdáná kò ju bíi kílówáàtì kan lọ. Kí ẹ̀rọ linac tó lè ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bí ó ti yẹ, magnetron tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tú bíi kílówáàtì 2,600 sínú àwọn yàrá bàbà náà, èyí tí ó tó iná áyọ́ọ̀nù 2,600 tí gbogbo wọn ń gbóná lẹ́ẹ̀kan náà. Púpọ̀ nínú agbára yìí ni ara bàbà ń gbà mọ́ra tí ó sì ń sọ di ooru. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó tàn gbọọrọ, bàbà náà yóò yọ́ ṣáájú púlì bàbá. Nítorí náà wọ́n ń tú u jáde fún bíi ìdá 4 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, wọ́n á dáwọ́ dúró kí ó sinmi, wọ́n á tún tú u, bíi ìgbà 250 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà: nínú wákàtí kan gbáko tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́, àkókò tí X-ray fi tàn ní tòótọ́ kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 lọ. Bí a bá wá pín agbára náà káàkiri gbogbo àkókò, kílówáàtì 2.6 ló kù, tí ẹ bá sì fi ohun tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà àti ti omi tí ń tu ẹ̀rọ lára kún un, jẹnerétọ̀ tí kò tóbi jù lè gbé e.

Ibo ni wọ́n ti ń rí kílówáàtì 2,600 láti inú iná tí ń tíntín wọlé? Ẹ wo ilé tí ẹ̀rọ omi wọn kì í sẹ̀ dáadáa. Ìyàwó ilé kì í dúró de ẹ̀rọ. Yóò gbé àmù sábẹ́ rẹ̀ láti òru, omi yóò máa kán sí i títí yóò fi kún, tí ó bá di àárọ̀ yóò bu omi náà dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kapásítọ̀ ni àmù ẹ̀rọ yìí: láàárín fìrí kan sí èkejì ni iná ń kún inú rẹ̀, tí wọn a sì dà á sórí magnetron lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìbéèrè bàbá nípa iná tí ó ń pẹ́ lábẹ́ irin ni ó wá kàn. Ooru ni ó ń wọ irin díẹ̀díẹ̀. X-ray kì í rákò wọ irin. Yálà ó kọjá tàbí irin gbà á, kò sí dídúró pẹ́ níbẹ̀. Agbára ẹyọ ìtànṣán kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ bí yóò ṣe jìn tó nínú irin, kì í ṣe bí ó ti pẹ́ tó tí a fi tàn án. Pípẹ́ kàn ń jẹ́ kí àwòrán mọ́lẹ̀ ni. Ẹ tan X-ray ilé ìwòsàn sára púlì yẹn láti òní di ọdún tí ń bọ̀, báláú náà ni. Ṣùgbọ́n ti MeV 6, ó tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3 irin kí ìdajì rẹ̀ tó dúró. Bí a bá mú 3, ìdodo sẹ̀ǹtímítà 12 yóò pín in sí méjì ní ìgbà mẹ́rin, ìdá kan nínú 16 yóò sì bọ́ sí òdìkejì. Bí ihò tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ bá wà lójú ọ̀nà, X-ray tí yóò gba ibẹ̀ kọjá yóò fi bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Ojú lásán yóò rí i lórí àwòrán, awẹ́ obì dúdú nínú eérú.

Ní àwọn èbúté ọkọ̀ òkun, irú ẹ̀rọ yìí kan náà, ti MeV 6 tàbí 9, ni wọ́n fi ń wo inú kọ̀ńténà láìṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá ní mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí fìrí sì jẹ́ 250, ìlà kọ̀ọ̀kan àwòrán náà dúró fún mílímítà 4 lára kọ̀ńténà. Ohun tí ó máa ń dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé wọ́n lè jẹ́ kí fìrí kan lágbára kí èyí tí ó tẹ̀ lé e rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa gbà á lọ ní ẹyọ kan sí ẹyọ kan, nítorí pé irin àti oúnjẹ kì í gba agbára méjèèjì mọ́ra bákan náà. Iná tí ń tàn gbọọrọ kò lè ṣe irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ayàwòrán, ẹ má bínú o: fìrí tiyín àti ti linac, orúkọ ló bá ara mu. Ẹ̀yin ń sá fún èémí ọmọ, linac ń sá fún ooru ara rẹ̀.

Adarin Ọba-Ilé dáhùn pé:

Olùkọ́, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ àmù yẹn ni ó là mí lójú. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn nípa púlì tí ń yí. Èyí tí ó fọ́ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 láti etí dé etí, ìgbà 1,500 ni ó sì ń yí ní ìṣẹ́jú kan.

Olùkọ́ Físíìsì dáhùn pé:

Ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Etí púlì náà ń rin bíi mítà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, eré ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò bẹ̀rù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Nínú ìdá 4 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá tí fìrí kan fi ń tàn, etí náà kò lè sún ju bíi ìdá kan nínú mẹ́jọ mílímítà kan lọ, ìdodo kò sì tó bẹ́ẹ̀ rárá. Fún iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, ó ti dúró gbọnin nìyẹn. Èrè tí linac kò wá ni ó bá a: ooru ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe fìrí, ṣùgbọ́n fìrí náà ń mú ohun tí ń sáré dúró.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé X-ray inú fìrí kan ṣoṣo kéré, àwòrán rẹ̀ yóò máa rí bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyanrìn sí i. Ẹ ó nílò ọ̀pọ̀ fìrí, kí a sì pa wọ́n pọ̀, púlì yóò sì ti yí kúrò níbi tí ó wà kí èkejì tó tàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn a fi àmì kan sí etí ohun tí ń yí, wọn a gbé ojú ẹ̀rọ kékeré kan tì í, kí ó jẹ́ pé ìgbà tí àmì náà bá kọjá níwájú ojú yẹn nìkan ni linac yóò tàn. Fìrí kan fún yíyí kan, púlì á máa wà ní ipò kan náà nígbà gbogbo. Àwòrán tí ì bá gba fìrí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4, yóò wá gba ìṣẹ́jú-àáyá 40, nítorí pé 25 ni yíyí, kì í ṣe 250. Owó kékeré nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ ọta ìbọn ni bàbá fẹ́ wò, ìyẹn yàtọ̀. Ọta tí ń fò ní mítà 800 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò ti sún ju mílímítà 3 lọ láàárín fìrí linac, àwòrán rẹ̀ á sì yọ́ dànù. Fún irú rẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n ń lò. Ọdún 1924 ni Erwin Marx ní Jámánì hùmọ̀ ọ̀nà kan: kí a to kapásítọ̀ ogún, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fóltì 30,000 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì wá so wọ́n mọ́ ara wọn lórí-lórí lójijì, tí fóltì 600,000 yóò fi bú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn kì í mú wáyà gbóná níbẹ̀. Ńṣe ni fóltì náà ń fipá fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tu lára irin tútù ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Láti 1938 ni wọ́n ti ń fi irú ìtújáde agbára òjijì bẹ́ẹ̀ ya X-ray. Nínú ìdá 50 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá tí ó fi ń tàn, ọta kò lè sún ju ìdá kan nínú 25 mílímítà kan lọ. Àwòrán kan ṣoṣo ni ó ń fúnni, ẹ̀rọ náà á sì tún padà lọ kún àmù rẹ̀. Èyí gan-an ni fìrí tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí eré.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òru dáhùn pé:

Ẹ forí jì mí, olùkọ́, mo gbọ́ pé lésà ti ń ṣe gbogbo èyí lórí tábìlì kan.

Olùkọ́ Físíìsì dáhùn pé:

Òótọ́ ni, ọmọ mi. Tajima àti Dawson ni wọ́n dá a lábàá ní 1979, pé kí ìgbì inú gáàsì tí lésà ti fọ́ máa gbá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ, ní 2004 sì ni ẹgbẹ́ mẹ́ta fi hàn pé ó ń mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí agbára wọn bá ara wọn mu jáde. Fìrí tirẹ̀ kúrú ju gbogbo èyí tí a ti ń sọ lọ. Ṣùgbọ́n tábìlì tí ó ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń fi han ènìyàn, wọn kì í fi yàrá tí lésà fúnra rẹ̀ gbà hàn. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ adarin.

Ayẹ̀páìpù-wò dáhùn pé:

Mo ṣe iṣẹ́ yíyẹ ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù epo wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà wálé sí Oǹdó. Olùkọ́ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí kò gbé ẹ̀rọ rí. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé linac kéré. Ọ̀pá bàbà náà kéré ní tòótọ́. Òjé tí ẹ ó fi bo orí rẹ̀ ni ó wúwo jù ú lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó tún mọ ilé. Sẹ̀ǹtímítà 35 kọnkéré ni ó ń gbà kí X-ray MeV 6 tó dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ sì fẹ́ kí ó dín kù ní ọ̀pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ògiri mítà kan sí méjì ni ẹ ń wò yẹn. Ẹni tí ó bá dúró sí mítà kan níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lè gba ohun tí yóò pa á, kò sì ní gbọ́ ariwo, kò ní rí ìmọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ní in láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NNRA, àjọ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán ní Nàìjíríà.

Àwa kì í lo linac fún páìpù. Irídíọ̀mù-192 ni à ń lò, èròjà kan tí ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ ń dín sí ìdajì ní ọjọ́ 74, ó sì tó fún irin bíi sẹ̀ǹtímítà 6 tàbí 7. Kobálítì-60 lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò wo púlì yín. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa wọ́n. Ẹ lè sùn, wọn kò ní sùn. Linac oní-MeV 6 ní tirẹ̀, bí ẹ bá ti yọ iná rẹ̀, irin lásán ni.

Ìdí tí mo fi sọ èyí fún yín ju ẹlòmíràn lọ ni pé irin àlòkù ni ẹ ń rà. Ní 1987, ní ìlú Goiânia ní Brazil, àwọn kan tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n bá nínú ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n sì tà á fún oníirin àlòkù. Sísíọ̀mù-137 wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun tí ń tàn búlúù lóru, àwọn ènìyàn sì ń fi pa ara. Ènìyàn mẹ́rin ni ó kú. Bí wọ́n bá gbé òjé tí ó wúwo ju bí ó ti tóbi lọ wá bá yín, tàbí ohun tí àmì abẹ̀bẹ̀ alápá mẹ́ta wà lára rẹ̀, ẹ má fi ayùn kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ó dé inú iná yín. Ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ sì pe ìjọba.

Ní ti púlì, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tí ń ta púlì kò lè ra linac. Ẹ̀rọ tí ń fi ohùn wo inú irin, ultrasonic, ẹnì kan lè fi ọwọ́ kan gbé e. Irin dídà ń fọ́n ohùn káàkiri nínú, nítorí náà orí ohùn tí kò ga, mẹgahẹ́ẹ̀tì 1 sí 2, ni kí wọ́n fi wò ó, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wo ojú ibi tí wọ́n jó. Fífi òòlù kan púlì kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe dún yóò sọ fún yín bí ó bá ti sán, kò ní sọ ti ihò awẹ́ obì. Mo sì fẹ́ béèrè: ibo ni ẹ ti ń da irin sínú mọ́ọ̀dù yín? Ìdodo ni ó nípọn jù, òun ni ó ń tutù kẹ́yìn, irin sì ń súnkì bí ó bá ń tutù. Bí kò bá sí ibi tí irin gbígbóná mìíràn yóò ti máa ṣàn wá dí i, ihò kò ní ṣàìsí níbẹ̀.

Adarin Ọba-Ilé dáhùn pé:

Láti etí ni mo ń dà á, láti ìgbà tí ọ̀gá mi ti kọ́ mi.

Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín lánàá, mo gbé púlì tí wọ́n yà ní ilé ìwòsàn, mo fi ayùn irin gé e gba àárín ìdodo. Ó gbà mí láti ìgbà tí a kírun ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ihò wà níbẹ̀, ó kéré sí ti àkọ́kọ́, bí èso ata ijọ̀sì, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni, ìhà tí ó jìnnà sí ibi tí mo ti da irin. Mo ṣì ní mẹ́fà nílẹ̀ tí n kò tíì tà. N ó da èyí tí ó kàn pẹ̀lú àmù irin kan lórí ìdodo rẹ̀, kí ó máa kán sí i bí ó ti ń tutù, n ó sì gé e wò. Ayẹ̀páìpù-wò, bí ẹ bá mọ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ olóhùn yẹn ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ kí ó wá wo mẹ́fà yòókù kí n tó mọ èyí tí n ó tún yọ́.